Bí sáfà dátábéèsì bá kọ ọ̀rọ̀ aṣínà, ẹ má tíì yí i padà

“Access denied.” Ọ̀rọ̀ méjì péré ni, ṣùgbọ́n ó ti gba oorun lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ohun tí púpọ̀ nínú wa máa ń sáré ṣe bí sáfà bá ti sọ bẹ́ẹ̀ ni pé a ó pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà. Bí kò bá gbọ́, a ó fún aṣàmúlò náà ní gbogbo ẹ̀tọ́ tó wà lórí sáfà. Bí kò bá tún gbọ́, a ó pa sáfà, a ó tún un tàn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, áàpù mẹ́ta mìíràn tó ń lo ọ̀rọ̀ aṣínà àtijọ́ ti dákẹ́, ìṣòro tó kọ́kọ́ gbé wa dìde sì jókòó síbẹ̀ gbọnin.

Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ohun tó wá yé mi ni pé ọ̀rọ̀ aṣínà gan-an kì í sábà jẹ̀bi. Nígbà mìíràn kò tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ sáfà. Nígbà mìíràn ó dé, àmọ́ nǹkan ti já bọ́ lára rẹ̀ lọ́nà. Nígbà mìíràn sì rèé, ó pé pérépéré, àkáǹtì mìíràn tó ń jẹ́ orúkọ kan náà ni sáfà ń fi í wé. Yíyí ọ̀rọ̀ aṣínà padà kò wo èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí sàn. Ìdí nìyẹn tí mo fi fi ìgbésẹ̀ yẹn sí apá ìsàlẹ̀ níbí.

MySQL àti MariaDB, sáfà dátábéèsì méjì tó jọra, ni mo máa gbé lé orí jù, n óò sì kan PostgreSQL, sáfà mìíràn, ní ìparí. Mo gbà pé ẹ lè lo tẹ́mínà, ẹ sì ní àṣẹ sudo lórí sáfà náà. Ohun tí mo ń pè ní ọ̀rọ̀ aṣínà ni púpọ̀ wa ń pè ní páásíwọ́ọ̀dù lẹ́nu.

## 1. Ẹ ka àṣìṣe náà dé òpin

Ẹ wo ìlà yìí dáadáa:

```
ERROR 1045 (28000): Access denied for user 'kemi'@'10.0.0.12' (using password: YES)
```

Ibi tí ojú wa máa ń dúró sí ni “denied”. Ìyókù ìlà náà ló wúlò.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Bí ó bá jẹ́ `using password: NO` lẹ rí, a jẹ́ pé áàpù kò fi ọ̀rọ̀ aṣínà kankan ránṣẹ́. Kò sí ohun tí ẹ lè ṣe lórí sáfà tó máa tún ìyẹn ṣe. Bóyá áàpù ń wá a nínú environment variable tí ẹnikẹ́ni kò kọ nǹkan sí, bóyá fáìlì ìṣètò tí ẹ̀ ń tún ṣe láti àárọ̀ kọ́ ni áàpù ń kà, bóyá ẹ sì kàn gbàgbé `-p`. `YES` ní tirẹ̀ kò sọ pé ọ̀rọ̀ tó tọ́ ló dé. Ohun tó sọ ni pé nǹkan kan dé.

Lẹ́yìn ìyẹn ni `'kemi'@'10.0.0.12'`. Ibi tí sáfà rò pé ẹ ti ń bọ̀ nìyẹn, kì í sì í ṣe ibi tí ẹ̀yin rò ní gbogbo ìgbà. Áàpù tó wà nínú container (àpò tí áàpù ń dá ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, bíi ti Docker), tàbí tó gba ẹ̀yìn proxy (alágbàtà ìsopọ̀) kọjá, lè yọ sí sáfà pẹ̀lú àdírẹ́sì tí ẹ kò rí rí. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, a máa nílò rẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kẹrin.

Nọ́ńbà iwájú náà ní ìtumọ̀. Àwọn tí mo máa ń bá pàdé jù nìyí:

- 1045: orúkọ, ibi tó ti ń bọ̀, tàbí ọ̀rọ̀ aṣínà kò bára mu. Sáfà kò ní sọ èwo fún yín, ó mọ̀ọ́mọ̀ ni, kí olè má baà mọ̀.
- 1698: root (alábòójútó àgbà) ni sábà, socket (ọ̀nà ìsopọ̀ inú kọ̀ǹpútà kan náà, tí kò gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì) ni sáfà sì fẹ́ fi dá a mọ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ aṣínà.
- 1044: ọ̀rọ̀ aṣínà tọ́. Ẹ̀tọ́ lórí dátábéèsì yẹn gan-an ni kò sí.
- 1130: sáfà kò gba ẹnikẹ́ni láti àdírẹ́sì yẹn. Kò tíì kan ọ̀rọ̀ aṣínà rárá.
- 1251 àti 2059: irinṣẹ́ tí ẹ fi ń wọlé kò mọ ọ̀nà ìdánimọ̀ tí sáfà ń lò.
- 1862 àti 1820: ọjọ́ ọ̀rọ̀ aṣínà ti kọjá.
- 3118: wọ́n ti ti àkáǹtì náà pa. 3955: sáfà fúnra rẹ̀ ló tì í fún ìgbà díẹ̀ nítorí àṣìṣe tó pọ̀ jù.
- 1819: ọ̀rọ̀ aṣínà tuntun tí ẹ fẹ́ fi sí i kò tó bí òfin sáfà ṣe fẹ́.

Bí ó bá jẹ́ 2002 tàbí 2003 lẹ rí, ẹ pa ìtọ́sọ́nà yìí dé. Ẹ kò tíì dé ẹnu ọ̀nà sáfà, kí a má tíì sọ pé wọ́n lé yín.

## 2. Ẹ dán an wò fúnra yín, láti ibi tí áàpù wà

Kí a tó mọ ẹni tó jẹ̀bi, ẹ ya áàpù àti sáfà sọ́tọ̀. Ẹ lọ sórí kọ̀ǹpútà tí áàpù ti ń ṣiṣẹ́, tàbí inú container rẹ̀, kí ẹ sì tẹ èyí:

```
mysql --no-defaults -h 10.0.0.5 -P 3306 -u kemi -p
```

Ẹ má ṣe é láti orí sáfà dátábéèsì fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá wọlé láti ibẹ̀, ẹ kò tíì mọ nǹkan kan, nítorí ibi tí ènìyàn ti ń bọ̀ jẹ́ ara ohun tí MySQL fi ń dá a mọ̀.

`--no-defaults` gbọ́dọ̀ ṣáájú gbogbo àṣàyàn yòókù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kò ní jẹ́ kí irinṣẹ́ náà lọ ka ọ̀rọ̀ aṣínà kan tí ẹnìkan ti fi pamọ́ sínú `~/.my.cnf` láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Ní MySQL, fáìlì kan ṣoṣo tó ń yọ nínú òfin yìí ni `~/.mylogin.cnf`, bí ó bá wà, yóò kà á síbẹ̀síbẹ̀. Ẹ sún un sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná.

Ẹ tún kíyè sí `-p`. Bí ẹ bá kọ `-p asiri`, pẹ̀lú àlàfo láàárín, MySQL yóò bi yín ní ọ̀rọ̀ aṣínà, yóò sì rò pé `asiri` ni orúkọ dátábéèsì tí ẹ ń wá. Ẹ fi `-p` sílẹ̀ lásán, kí ó bi yín. Nígbà tó bá bi yín, ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá dà á kọ láti ibòmíràn tí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, àlàfo kan lè tẹ̀lé e lẹ́yìn, ojú kì í sì í rí àlàfo.

Bí ẹ bá wọlé, sáfà kò ní ẹ̀bi. Ẹ lọ sí ìgbésẹ̀ kẹta. Bí ẹ kò bá wọlé, ẹ fo ìgbésẹ̀ kẹta, ẹ lọ sí ìkẹrin.

## 3. Ọ̀rọ̀ aṣínà tó fara pa lọ́nà

Apá yìí ló ti jẹ àkókò mi jù lọ. Láàárín ibi tí ẹ kọ ọ̀rọ̀ aṣínà sí àti ibi tí sáfà ti gbà á, ó lè gba ọwọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún kọjá, ọwọ́ kọ̀ọ̀kan ló sì ní àmì tó kà sí tirẹ̀.

Shell ni àkọ́kọ́. Ẹ jẹ́ ká sọ pé `Ewe$7kun` ni ọ̀rọ̀ aṣínà náà:

```
export DB_PASS="Ewe$7kun"
```

Ohun tó wọ inú DB_PASS ni `Ewekun`. Àmì àyọlò oníméjì ni mo lò, nítorí náà shell ka `$7` sí orúkọ nǹkan tí kò sí, ó sì fi òfo rọ́pò rẹ̀. Lẹ́tà mẹ́jọ wọlé, mẹ́fà jáde, kò sì sí ìkìlọ̀ kankan. Àmì àyọlò oníkan ni kí ẹ máa lò: `'Ewe$7kun'`. Nínú bash tí ẹ fọwọ́ tẹ̀, `!` náà máa ń fa wàhálà báyìí nínú àmì oníméjì.

Ibi kejì ni àdírẹ́sì ìsopọ̀ tí áàpù ń lò, irú èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `mysql://kemi:asiri@10.0.0.5/oja`. Bí `@` bá wà nínú ọ̀rọ̀ aṣínà, ó lè ṣi áàpù lọ́nà, tí yóò rò pé ibẹ̀ ni àdírẹ́sì sáfà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ `@` ní `%40`, `:` ní `%3A`, `/` ní `%2F`, `#` ní `%23`, kí `%` fúnra rẹ̀ sì di `%25`.

Nínú `.my.cnf`, `#` ni ìbẹ̀rẹ̀ àlàyé, kódà bí ó bá wà láàárín ìlà. `password=odo#44` yóò di `odo`. Ẹ fi àmì àyọlò yí i ká. Ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ tó ń ka fáìlì `.env` ló ń ṣe irú rẹ̀ pẹ̀lú `#` àti `$`, àmọ́ wọn kì í ṣe é bákan náà, ẹ má gbára lé pé ohun tó ṣiṣẹ́ nínú ọ̀kan yóò ṣiṣẹ́ nínú èkejì. Èmi kì í ja ìjà yìí mọ́. Fún àkáǹtì tí áàpù ń lò, lẹ́tà àti nọ́ńbà lásán ni mo ń lò, àmọ́ ó máa ń gùn tó ọgbọ̀n tàbí ogójì. Gígùn rẹ̀ ló ń dáàbò bò ó, kì í ṣe àmì ọ̀ṣọ́.

Ibi kan wà tí ojú kò ti ní rí nǹkan kan: àmì ìlà tuntun tí `echo` máa ń fi sí ìdí ọ̀rọ̀. Bí ẹ bá fi `echo` kọ ọ̀rọ̀ aṣínà sínú fáìlì, tàbí ẹ fi sọ ọ́ di base64 fún Kubernetes, àmì yẹn ti di ara rẹ̀. Ẹ fi wọ́n wéra:

```
echo 'Ewe$7kun' | wc -c
printf '%s' 'Ewe$7kun' | wc -c
```

Ti àkọ́kọ́ yóò sọ 9, ti èkejì 8. `printf` ni kí ẹ máa lò.

Bí ẹ bá fura sí áàpù ṣùgbọ́n ẹ kò lè rí ohun tó ń fi ránṣẹ́, ẹ jẹ́ kí ó tẹ iye lẹ́tà ọ̀rọ̀ aṣínà náà jáde, kì í ṣe ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá retí 8 tí ó sọ 6, 9 tàbí 0, ẹ ti mọ ibi tí ẹ máa wò, àṣírí kankan kò sì tú sínú fáìlì log (àkọsílẹ̀ ohun tó ń ṣẹlẹ̀).

Ọ̀rọ̀ Docker náà nìyí, nítorí ó ti mú ọ̀pọ̀ lójijì: `MYSQL_ROOT_PASSWORD` ń ṣiṣẹ́ ní ìgbà àkọ́kọ́ péré, nígbà tí àpótí dátà ṣì ṣófo. Bí ẹ bá yí i padà nínú fáìlì compose lẹ́yìn tí dátà ti wà níbẹ̀, container yóò tàn wẹ́rẹ́, ọ̀rọ̀ aṣínà àtijọ́ ni yóò sì máa gbà lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni `POSTGRES_PASSWORD`.

Ẹ rántí pẹ̀lú pé ìsopọ̀ tó ti ṣí kì í kú nítorí pé ẹ yí ọ̀rọ̀ aṣínà padà. Áàpù tó ń tọ́jú ìsopọ̀ mẹ́wàá sọ́wọ́ lè máa bá iṣẹ́ lọ fún wákàtí mélòó kan, títí ọ̀kan yóò fi já tí yóò sì fẹ́ wọlé lákọ̀tun. Ìgbà yẹn ni àṣìṣe yóò yọjú, ẹni tó yí i padà ti lọ sílé.

## 4. Kemi wo lẹ ní lọ́kàn?

Nínú MySQL àti MariaDB, `kemi` nìkan kì í ṣe àkáǹtì. Orúkọ àti ibi tó ti ń bọ̀ ló para pọ̀ di àkáǹtì. `'kemi'@'localhost'` àti `'kemi'@'%'` jẹ́ ènìyàn méjì tó kàn ń jẹ́ orúkọ kan náà. Olúkúlùkù ló ní ọ̀rọ̀ aṣínà tirẹ̀ àti ẹ̀tọ́ tirẹ̀. Ẹ wọlé gẹ́gẹ́ bí alábòójútó, kí ẹ wo àwọn tó wà nílẹ̀:

```
SELECT user, host, plugin, account_locked, password_expired
FROM mysql.user WHERE user IN ('kemi', '');
```

Lórí MariaDB, ẹ yọ `account_locked` kúrò, kí ẹ lo `SHOW CREATE USER` fún ìyẹn.

Ìdí tí mo fi kọ `''` sí i nìyí. Nígbà tí ẹnìkan bá kan ilẹ̀kùn, sáfà á to àwọn àkáǹtì jọ, èyí tí ibi tó ti ń bọ̀ ṣe pàtó jù ni yóò ṣáájú. Èyí àkọ́kọ́ tó bá bá a mu ni yóò mú. Bí ọ̀rọ̀ aṣínà kò bá bá ìyẹn mu, ó parí. Kò ní lọ wo èyí tó tẹ̀lé e. Bí ẹnìkan bá ti ṣẹ̀dá `''@'localhost'`, àkáǹtì tí kò lórúkọ, tí ẹ sì ní `'kemi'@'%'`, kemi tó wọlé láti orí sáfà fúnra rẹ̀ yóò bọ́ sọ́wọ́ àkáǹtì aláìlórúkọ yẹn, nítorí `localhost` ṣe pàtó ju `%` lọ. Ẹ lè yí ọ̀rọ̀ aṣínà kemi padà ní ìgbà ogún. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí èyí, mo rò pé sáfà ń bá mi ṣeré.

```
DROP USER ''@'localhost';
```

`mysql_secure_installation` náà máa ń yọ wọ́n kúrò.

Bí ẹ bá wọlé ṣùgbọ́n ẹ kò rí dátábéèsì tí ẹ retí, ẹ tẹ `SELECT USER(), CURRENT_USER();`. Èyí àkọ́kọ́ ni ẹni tí ẹ pe ara yín, èkejì ni ẹni tí sáfà kà yín sí. Bí wọ́n bá yàtọ̀, ẹ ti rí ìdí rẹ̀.

Kókó kékeré kan: lórí Linux, `-h localhost` ń gba socket, `-h 127.0.0.1` ń gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ojú wa ń rí wọn bí ọ̀kan náà, sáfà kì í sábà rí wọn bẹ́ẹ̀, pàápàá bí `skip_name_resolve` bá wà ní títàn.

## 5. Ọ̀nà ìdánimọ̀ tí kò bára mu

Ẹ wo òpó `plugin` nínú èsì tó wà lókè.

Bí root bá ní `auth_socket`, tàbí `unix_socket` lórí MariaDB, tí ẹ sì ń rí 1698, kò sí ohun tó bàjẹ́. Sáfà kàn fẹ́ mọ̀ bóyá root ti kọ̀ǹpútà náà lẹ jẹ́ lóòótọ́. `sudo mysql` ti tó. Ẹ má sọ root di oní-ọ̀rọ̀-aṣínà nítorí pé áàpù kan fẹ́ fi root wọlé. Áàpù kò gbọ́dọ̀ jẹ́ root láéláé. Ẹ dá àkáǹtì tirẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Láti MySQL 8.0, tó jáde ní 2018, `caching_sha2_password` ni àkáǹtì tuntun ń lò bí ẹ kò bá sọ nǹkan mìíràn. Irinṣẹ́ àtijọ́ kò mọ̀ ọ́n, ibẹ̀ ni 1251 àti 2059 ti ń wá. Ìmọ̀ràn tí ẹ máa rí káàkiri ni pé kí ẹ dá àkáǹtì padà sí `mysql_native_password`. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí 8.0 o, àmọ́ gbèsè ni: MySQL 8.4 pa á ní ìbẹ̀rẹ̀, 9.0 sì yọ ọ́ dànù, ọdún 2024 kan náà ni méjèèjì jáde. Ẹ gbé irinṣẹ́ ìwọlé áàpù yín sókè sí ẹ̀dà tuntun, ẹ ó ti ṣe é tán lẹ́ẹ̀kan.

`caching_sha2_password` yìí ní àrékérekè kan tó yẹ kí ẹ mọ̀. Áàpù ti ń wọlé láti oṣù mẹ́ta. Ẹnìkan pa sáfà ní òru, ó tún un tàn, áàpù kò lè wọlé mọ́. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ aṣínà. Báwo ló ṣe jẹ́?

Nígbà tí aṣàmúlò bá wọlé dáadáa lẹ́ẹ̀kan, sáfà á tọ́jú ohun kan nípa rẹ̀ sí ìrántí, kí ìwọlé tó tẹ̀lé e lè yá. Níwọ̀n ìgbà tí ìyẹn bá wà nílẹ̀, ìsopọ̀ tí kò ní TLS (ààbò tó ń fi ohun tó ń kọjá lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì pamọ́) náà lè kọjá. Bí sáfà bá kú, tí ẹ yí ọ̀rọ̀ aṣínà padà, tàbí tí ẹ tẹ `FLUSH PRIVILEGES`, ìrántí yẹn pa rẹ́. Ìwọlé àkọ́kọ́ lẹ́yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ìdánimọ̀ kíkún kọjá, ìyẹn sì ń béèrè TLS tàbí kọ́kọ́rọ́ RSA sáfà. Áàpù tí kò ní ọ̀kankan yóò gba “Authentication requires secure connection”. Ti Java yóò sọ pé “Public Key Retrieval is not allowed”. Bí alábòójútó bá wá fi kemi dán an wò láti tẹ́mínà tó ń lo TLS, ìrántí tún kún, áàpù tún wọlé, gbogbo ènìyàn á sọ pé ó ti tún ara rẹ̀ ṣe. Kò tún ara rẹ̀ ṣe o. Ẹ tan TLS láàárín áàpù àti sáfà. Bí kò bá ṣeé ṣe, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà sì jẹ́ èyí tí ẹ fọkàn tán, `--get-server-public-key` wà fún `mysql`, `allowPublicKeyRetrieval=true` sì wà fún Java.

## 6. Àkáǹtì tó wà ní títì, àti fáìlì log

Èyí kò gùn. Fún 3118:

```
ALTER USER 'kemi'@'%' ACCOUNT UNLOCK;
```

Àṣẹ yìí kan náà ń yanjú 3955. Láti 8.0.19 ni MySQL ti lè ti àkáǹtì fún ọjọ́ mélòó kan bí ènìyàn bá ṣi ọ̀rọ̀ aṣínà tẹ̀ léraléra. Nígbà tó bá wà ní títì, ọ̀rọ̀ aṣínà tó tọ́ pàápàá kò ní kọjá. Ẹ wá ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn kí ẹ tó ṣí i. Ó sábà máa ń jẹ́ iṣẹ́ cron kan (iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà ń ṣe fúnra rẹ̀ ní àkókò tí a dá fún un) tí wọ́n ti gbàgbé, tó ṣì ń fi ọ̀rọ̀ aṣínà àtijọ́ gbìyànjú ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún.

Fún ọ̀rọ̀ aṣínà tí ọjọ́ rẹ̀ kọjá, ẹ fún un ní tuntun. Bí ó bá jẹ́ ti áàpù, ẹ fi `PASSWORD EXPIRE NEVER` sí i, nítorí áàpù kò lè jókòó dáhùn ìbéèrè lọ́wọ́ òru. Ẹ̀yin ni kí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ ní àkókò tí ẹ yàn.

Láti mọ ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn, ẹ béèrè ibi tí log wà, kí ẹ sì jẹ́ kí sáfà sọ̀rọ̀ sókè sí i:

```
SHOW VARIABLES LIKE 'log_error';
SET GLOBAL log_error_verbosity = 3;
```

Láti ìgbà yẹn, gbogbo “Access denied” yóò máa wọ inú log pẹ̀lú àkókò àti àdírẹ́sì. MariaDB kò ní àṣàyàn kejì yìí. `log_warnings` ni tirẹ̀, 2 sì ti tó.

## 7. Bí ó bá di dandan kí a yí i padà

Ó dára, ẹ ti dé ibí, ó sì hàn gbangba pé ẹnikẹ́ni kò mọ ọ̀rọ̀ aṣínà náà mọ́, tàbí pé ó ti tú síta. Ẹ yí i padà fún àkáǹtì tí ẹ rí ní ìgbésẹ̀ kẹrin gan-an, pẹ̀lú ibi tó ti ń bọ̀:

```
ALTER USER 'kemi'@'10.0.0.%' IDENTIFIED BY 'oro_tuntun' RETAIN CURRENT PASSWORD;
```

`RETAIN CURRENT PASSWORD`, tó wà nínú MySQL láti 8.0.14, ń jẹ́ kí ti àtijọ́ àti tuntun ṣiṣẹ́ pọ̀. Ẹ lọ tún àwọn áàpù ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan, láìkánjú. Nígbà tí gbogbo wọn bá ti gba tuntun:

```
ALTER USER 'kemi'@'10.0.0.%' DISCARD OLD PASSWORD;
```

MariaDB kò ní èyí. Ohun tí mo máa ń ṣe níbẹ̀ ni kí n dá àkáǹtì kejì sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀tọ́ kan náà, kí n kó áàpù lọ síbẹ̀, kí n tó yọ ti àkọ́kọ́. Ẹ má sì lo àwọn `UPDATE mysql.user SET Password=PASSWORD(...)` tí àwọn ìtọ́sọ́nà àtijọ́ ń kọ́ni. `PASSWORD()` ti kúrò nínú MySQL láti 8.0.11.

Bí ó bá jẹ́ ti root MySQL ló sọnù, ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú `sudo mysql`. Bí kò bá ṣí, ẹ kọ ìlà kan yìí sínú fáìlì tí aṣàmúlò `mysql` lè kà, bíi `/var/lib/mysql-files/tunse.sql`:

```
ALTER USER 'root'@'localhost' IDENTIFIED BY 'oro_tuntun';
```

Lẹ́yìn náà:

```
sudo systemctl stop mysql
sudo install -d -o mysql /var/run/mysqld
sudo mysqld --user=mysql --init-file=/var/lib/mysql-files/tunse.sql
```

Lórí àwọn ẹ̀dà Linux kan, `mysqld` ni orúkọ iṣẹ́ náà, kì í ṣe `mysql`. Ìlà kejì wà nítorí pé àpótí `/var/run/mysqld` máa ń pa rẹ́ nígbà tí systemd bá pa sáfà lórí àwọn kan. Láti tẹ́mínà mìíràn, ẹ fi ọ̀rọ̀ aṣínà tuntun tẹ `mysqladmin -u root -p shutdown`, ẹ pa fáìlì `tunse.sql` rẹ́, kí ẹ tó tan sáfà bó ṣe yẹ. Mo fẹ́ràn ọ̀nà yìí ju `--skip-grant-tables` lọ, nítorí ìyẹn ń ṣí gbogbo ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni títí ẹ ó fi parí. MySQL 8.0 máa ń pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀ bí ẹ bá lò ó. Àwọn ti àtijọ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

## 8. Bí ó bá jẹ́ PostgreSQL

PostgreSQL rọrùn ní apá kan: òótọ́ wà nínú log rẹ̀. Aṣàmúlò yóò rí `password authentication failed for user "kemi"`, bóyá kemi wà tàbí kò sí. Ṣùgbọ́n nínú log sáfà, ìlà `DETAIL` yóò tẹ̀lé e, tí yóò sọ ọ́ gbangba: pé kemi kò sí, pé kò ní ọ̀rọ̀ aṣínà, pé ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá, tàbí pé kò bára mu. Yóò tún sọ ìlà tó bá a mu nínú `pg_hba.conf`, fáìlì tó sọ ẹni tó lè wọlé, láti ibo àti lọ́nà wo. Ẹ ka log kí ẹ tó ṣe ohunkóhun.

`Peer authentication failed` túmọ̀ sí pé ẹ gba socket, orúkọ yín lórí kọ̀ǹpútà kò sì bá orúkọ inú dátábéèsì mu. Ẹ fi `-h 127.0.0.1` sí i kí ó lè béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà, tàbí ẹ lo `sudo -u postgres psql`. `no pg_hba.conf entry` ní tirẹ̀ túmọ̀ sí pé kò sí ìlà kankan tó gbà yín. Bíi ti MySQL, ìlà àkọ́kọ́ tó bá bára mu ni PostgreSQL ń mú, kì í wo èyí tó kù.

Láti ẹ̀dà 14 ni `scram-sha-256` ti di ọ̀nà tí sáfà ń gbà tọ́jú ọ̀rọ̀ aṣínà tuntun, bí ẹ kò bá sọ nǹkan mìíràn. Bí `pg_hba.conf` bá béèrè scram, tí ọ̀rọ̀ aṣínà kemi sì ti wà nílẹ̀ ní md5, ọ̀nà àtijọ́, láti ìgbà pípẹ́, kò ní wọlé bó ti wù kó tọ́ tó:

```
SELECT rolname, left(rolpassword, 3), rolvaliduntil
FROM pg_authid WHERE rolname = 'kemi';
```

Bí ẹ bá rí `md5`, ẹ rí i dájú pé `SHOW password_encryption` sọ `scram-sha-256`, kí ẹ sì fi `\password kemi` fún un ní ọ̀rọ̀ aṣínà lákọ̀tun nínú psql. Ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà tó ti ní tẹ́lẹ̀. Bí ibẹ̀ bá ṣófo, kò ní ọ̀rọ̀ aṣínà rárá.

Ohun kékeré méjì tún wà. `CREATE USER Kemi` láìsí àmì àyọlò yóò di `kemi`, nítorí náà `psql -U Kemi` kò ní rí i. Bẹ́ẹ̀ ni psql kì í ka `~/.pgpass` bí ẹlòmíràn bá lè kà á. `chmod 0600 ~/.pgpass` ni oògùn rẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni kò bá lè wọlé bí alábòójútó mọ́, ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà `pg_hba.conf` pamọ́. Ẹ wá yí ìlà `local` tó wà fún `postgres` sí `trust`, ìlà yẹn nìkan, kí ẹ sọ fún sáfà kí ó tún un kà pẹ̀lú `sudo systemctl reload postgresql`. Ẹ wọlé pẹ̀lú `psql -U postgres`, ẹ fi `\password` ṣe ohun tí ẹ fẹ́ ṣe, kí ẹ dá ẹ̀dà tí ẹ pamọ́ padà, kí ẹ sì tún un kà lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹ tó dìde lórí àga yẹn.